Àtẹ Ọlọ́jà ni Ìfètò-sọ́mọ-bíbí Gbà Wọlé

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Ìkirè àti Àpòmù, ìtàn tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí, àwọn dókítà nìkan kọ́ ló ni ín, ó kan irú wa gan-an.

Láyé àwọn ìyá wa, obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́yàn kì í sún mọ́ ọkọ, ó lè tó ọdún méjì sí mẹ́ta. Ìfètò náà nìyẹn, wọn ò kàn pè é bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí àṣà yẹn ń yẹ̀, oyún bẹ̀rẹ̀ sí í gun oyún. Lóòótọ́, UCH ti wà n'Íbàdàn láti 1957, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ pa ìsọ̀ tì, kó wọkọ̀ lọ tò látàárọ̀ dọ̀sán? Ata á ti rà kó tó dé.

Ní 1980, nígbà tí àwa náà ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, UCH àti ìjọba ìpínlẹ̀, pẹ̀lú Yunifásítì Columbia ti Amẹ́ríkà, gbé ètò náà lọ sí abúlé. Àwọn agbẹ̀bí àti ará abúlé ni wọ́n kọ́ níṣẹ́. Kó tó di 1990, ó ti wọ àwọn ọjà Ìbàdàn. Ẹ gbọ́ o, àwọn oníṣòwò bíi tiwa ni wọ́n kọ́! Kọ́ńdọ̀mù àti hóró oògùn ìfètò wà lórí àtẹ, pẹ̀lú iyọ̀ tí à ń pò mómi fọ́mọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru.

Ọgbọ́n ńlá ni lójú tiwa. Obìnrin tó ń tijú nọ́ọ̀sì ò ní tijú oníbàárà rẹ̀. Bó bá kó o mọ́ ọṣẹ nínú láílọ́ọ̀nù, ta ló máa mọ̀? (Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ mọ ohun tí à ń wí.)

Ní 1989, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládàpọ̀ Ládípọ̀ àti Ìyáàfin Grace Delano, tí wọ́n ti wà nídìí iṣẹ́ yìí ní UCH, dá ẹgbẹ́ ARFH sílẹ̀ n'Íbàdàn fún ìlera ìbímọ àti ti ìdílé.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé oògùn yìí ń di ilé ọmọ pa. Irọ́ ni. Ẹni tó bá dá hóró dúró á tún lóyún. Ti abẹ́rẹ́ ló lè fi oṣù díẹ̀ falẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru má ṣe dédé ra hóró lọ́jà, kó kọ́kọ́ rí nọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń fọ́mọ lọ́yàn náà, kó wí fún wọn, torí oríṣi hóró kan wà tó ń dín omi ọyàn kù.