Sálúbàtà àlòkù di ọkọ̀ ojú omi!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, sálúbàtà tó já lẹ́sẹ̀ ọmọ yín, níbo lẹ jù ú sí? Kẹ́ẹ̀gì tó lu ńkọ́? Bó bá jẹ́ gọ́tà ni, òjò á gbé e dódò, odò á gbé e dókun. Kò sì ní í jẹrà bọ̀rọ̀.

Irú pàǹtí bẹ́ẹ̀ ló ń da etí òkun láàmú ní erékùṣù Lamu, lórílẹ̀-èdè Kenya. Làwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ibẹ̀, tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ onígbòkun láti ìran baba wọn, bá ní àwọn á fi kan ọkọ̀. Ọ̀gá Ali Skanda ló ṣáájú wọn. Pàǹtí rọ́bà tó tó tọ́ọ̀nù 10 ni wọ́n lò.

Àṣé kíkó jọ kọ́ niṣẹ́! Rọ́bà yàtọ̀ síra. Ti kẹ́ẹ̀gì ń yọ́ bí ooru bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 130. Ti ìgò omi kò ní í yọ́ àfi tó bá tó bíi 250. Ẹni tó bá yọ́ wọn pọ̀, wọn ò ní í mú ara wọn dáadáa, pákó náà á kàn ṣẹ́ ni. Àfi kéèyàn ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

Bó bá di pákó tán, wàhálà kù. Rọ́bà kì í le bí igi, ó máa ń tẹ̀. Oòrùn á mú un gùn sí i, òtútù á mú un sún kì. Káfíńtà mọ ohun tíyẹn jẹ́: ojú ibi tí pákó ti pàdé lè là, komi wọlé. Àga tó yẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀rín ni. Ọkọ̀ tó là lójú òkun, ikú ni.

Ọgbọ́n tí baba wọn fi ń kan ọkọ̀ igi ni wọ́n fi kan èyí náà. Wọ́n wá fi sálúbàtà àlòkù bí 30,000 bò ó lára, ló bá ní àwọ̀ mèremère. Flipflopi ni wọ́n sọ ọ́. Ó gùn ní mítà 9, oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 ló sì wọ omi. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, ó rin ìrìn kìlómítà 500 dé Zanzibar, ó sì gúnlẹ̀ láyọ̀.

Ẹ má torí èyí so ìgò pọ̀ kẹ́ ẹ kó sí ọ̀sà o! Ilé tá a bá fitọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Pàǹtí nìkan kọ́ ló di ọkọ̀ ní Lamu, ọwọ́ tó mọṣẹ́ ló sọ ọ́ dọkọ̀.