Òótọ́ àti Irọ́ Nípa Géètì Inú Ẹ̀rọ

IC dúdú kan wà níwájú mi lórí tábìlì. Ó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2, ó ní ẹsẹ̀ 14, nọ́ńbà ara rẹ̀ ni 7400. Géètì NAND mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀; géètì ni ẹ̀ka tó ń gba 0 tàbí 1 wọlé, tó sì ń fi 0 tàbí 1 dáhùn. Ohun tójú ò tó kì í ṣòro fún èèyàn láti ṣì mọ̀, nítorí náà, n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Mítà ni mo gbé dání.

“0 ni pé kò sí iná rárá, 1 ni pé iná wà.”

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé iná lè wà lórí wáyà kí géètì ṣì kà á sí 0. Fólítì 5 ni 7400 ń lò. Iná tó bá wọlé tí kò ju fólítì 0.8 lọ, 0 ni. Tó bá ti tó fólítì 2, ó di 1. Èyí tó bá há sí àárín méjèèjì, ẹ má gbọ́kàn lé ìdáhùn tó bá mú wá.

“Wáyà tí a kò so mọ́ nǹkan kan, 0 ni.”

Irọ́ yìí ló ń da ọmọ iṣẹ́ láàmú jù, torí ó jọ òótọ́ gan-an. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé 7400 máa ń ka ẹsẹ̀ tó dá wà sí 1. Ti CMOS, irú IC mìíràn, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo so LED mọ́ ibi tí iná ń gbà jáde lára 4011 kan, tó jẹ́ NAND irú CMOS, mo wá fi ẹsẹ̀ kan tí iná ń gbà wọlé sílẹ̀ láìso. LED tàn, ó tún kú. Mo na ọwọ́ sún mọ́ ọn, n kò tíì fara kàn án, ó ti ń ṣẹ́jú. Ìwọ̀nba iná tó ń ti ara èèyàn àti wáyà inú ilé fẹ́ kàn án ti tó láti máa tì í síwá sẹ́yìn. Mo fi resistor so ẹsẹ̀ náà mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, LED sì tàn, kò ṣẹ́jú mọ́.

“Géètì ń ronú.”

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé transistor ni, súìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń tàn tó sì ń pa. Nínú NAND irú CMOS, súìṣì méjì tò tẹ̀ léra lọ́nà tó lọ sí nẹ́gẹ́tíìfù. Àfi kí méjèèjì tàn kí ohun tó ń jáde tó di 0. Bí ọ̀kan bá kú, ọ̀nà já, 1 ló máa jáde. Kò sí ìrònú kankan níbẹ̀. Ní 1937, Claude Shannon fi hàn pé ìṣirò bẹ́ẹ̀ni-bẹ́ẹ̀kọ́ tí George Boole kọ ìwé lé lórí ní 1854 bá iṣẹ́ súìṣì mu rẹ́gí.

“Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní géètì tirẹ̀.”

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé NAND nìkan lè ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ so ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tí iná ń gbà wọlé pọ̀, ó di NOT, tó ń sọ 1 di 0, tó sì ń sọ 0 di 1. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú 7400 yìí tó láti ṣe XOR, ìyẹn iṣẹ́ súìṣì méjì tó ń tan gílóòbù kan lórí àtẹ̀gùn ilé, tí ẹ lè tàn nísàlẹ̀ kí ẹ sì pa lókè. Géètì mìíràn tó ń jẹ́ NOR náà lè dá a ṣe: òun ni wọ́n fi kọ́ kọ̀ǹpútà tó tọ́ ọkọ̀ Apollo dé òṣùpá ní 1969.

“Ojú ẹsẹ̀ ló ń dáhùn.”

Rárá o. 7400 ń gba nǹkan bíi nanosecond 10, àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi ń rin mítà 3. Bí géètì 100 bá tò tẹ̀ léra, ìdádúró náà di ìlọ́po 100, aago inú kọ̀ǹpútà sì gbọ́dọ̀ dúró de èyí tó gbẹ̀yìn kó tó tún lù.