Òsì Kọ́ Ni Òṣì: Ìlù Àtijọ́ fún Ọlọ́wọ́ Òsì, àti Ibi Tí Owó Rẹ̀ Ti Ń Jò

Tí ẹ bá wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ẹ ki íápíìsì bọ etí, ká jọ gba ọ̀nà náà lọ. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á lórí fóònù, ẹ kú ojú lójú ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n ń gbé ní Peckham, ní London, fi fọ́tò mẹ́fà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Sẹ́ẹ̀tì ìlù òyìnbó ni, Premier, ti àwọn ọdún 1960. Ọkùnrin tó fẹ́ tà á ní ti ọlọ́wọ́ òsì ni, ó ní ó ṣọ̀wọ́n bí ojú, àti pé ìdí nìyẹn tí òun fi ń gba 600 pọ́n-ùn. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ pé ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé kí n sanwó?" Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ dúró ná."

Orí "ẹ dúró ná" yẹn la wà lónìí.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti kọ́ ìlù l'Ágége, sẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n sì tò ó fún. Tí mo bá ti fẹ́ gbé hi-hat sí ọ̀tún báyìí, olórí akọrin á ní, "Ta ló ní kó o tú u ká?" Nílé, wọn ò jẹ́ kí n fi òsì gba nǹkan. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò jẹ́ kí n fi òsì lu nǹkan. Àmì kékeré kan lábẹ́ lẹ́tà ló ya òsì sọ́tọ̀ sí òṣì, àwọn àgbàlagbà míì ò sì rí àmì yẹn rárá.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ringo Starr, onílù The Beatles, ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí i. Ní Liverpool níbẹ̀, ìyá-àgbà rẹ̀ ka ọwọ́ òsì sí nǹkan àjẹ́, wọ́n sì yí i sí ọ̀tún. Ìdí ìlù ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló jókòó sí títí tó fi di olókìkí, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ fi ọ̀pá yí àwọn ìlù ká, òsì ló ṣì ń ṣáájú. Ìyẹn ló jẹ́ kí fill rẹ̀ máa dún bíi pé ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, wọ́n gbé Ludwig tó ti ń lò láti 1963 lọ sí ọjà gbàǹjo ní Amẹ́ríkà, Jim Irsay tó ni ẹgbẹ́ Indianapolis Colts nígbà náà sì san ju mílíọ̀nù 2 dọ́là lọ fún un. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn yẹn ta ìlù fún yín o. Orúkọ Ringo ni wọ́n rà. Ìlù náà gan-an, bí ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló ṣe tò.

Phil Collins àti Ian Paice ti Deep Purple ní tiwọn yí gbogbo rẹ̀ padà. Báwo ni wọ́n ṣe ń yí i? Ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ jókòó sídìí ìlù. Ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún, hi-hat wà lósì, snare wà láàárín itan, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń tẹ pẹ́dà bass drum, floor tom àti ride cymbal wà lọ́tùn-ún. Tiwa, ẹ wò ó bí ẹni wo dígí: hi-hat bọ́ sí ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì ń tẹ bass drum, floor tom àti ride bọ́ sí òsì.

Ìlù fúnra rẹ̀ ò lọ́wọ́. Róbótó ló rí. Ẹ yí floor tom, ẹ yí snare bó ṣe wù yín, kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Bass drum ni wàhálà wà. Nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn, orí bass drum ni irin tó gbé tom wà, orí rẹ̀ náà sì ni irin ride wà, lápá ọ̀tún. Ihò ni wọ́n lu kí wọ́n tó dè wọ́n mọ́ ọn, ihò ò sì ṣeé ṣí nípò. Ẹ lè ní, ṣebí kí n kàn yí bass drum kẹ́yìn síwájú? Lóòótọ́, ọ̀tún á di òsì, ṣùgbọ́n ohun tó wà níwájú á wá bá yín ní orúnkún, àwọn ẹsẹ̀ irin tó dá a dúró á sì kọjú sí yín.

Ìyẹn làwọn kan ṣe ń mú dírílì. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń jò. Ohun tí àwọn tó ń kó ìlù àtijọ́ jọ máa ń kọ́kọ́ béèrè ni bóyá ihò kankan wà tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́. Ẹ dí i, ẹ kùn ún, ẹni tó mọ̀ ọ́n á rí i, iye ìlù náà á sì wálẹ̀.

Èyí tí ilé-iṣẹ́ fúnra wọn ṣe fún òsì ńkọ́? Ó wà, kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n kí nǹkan ṣọ̀wọ́n yàtọ̀ sí kó wọ́n. Ẹni tó ń wá nǹkan ló ń sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Onílù tó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì kéré, èyí tó fẹ́ ìlù àtijọ́ nínú wọn, bóyá ni wọ́n á kún kẹ̀kẹ́ Márúwá. Àsọdùn ni o, ṣùgbọ́n ó yé yín. Ní Èkó ńbí pàápàá, ṣọ́ọ̀ṣì tó bá fẹ́ ra ìlù á fẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni lè jókòó tì. Torí náà, ọlọ́wọ́ òsì tó ń rà ló lè rí i lọ́pọ̀; tó bá fẹ́ tà á, á dúró.

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi padà lọ, kí wọ́n ní kí ọkùnrin náà tú awọ bass drum, kí wọ́n tan iná fóònù sínú rẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo ní kí wọ́n wò: ṣé ẹ̀gbẹ́ kan ni ihò wà, àbí méjèèjì? Tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ló ṣe é fún òsì, kò sí ohun tí ihò irin ride ń wá lọ́tùn-ún. Fọ́tò dé. Ihò wà lósì, igi ẹnu rẹ̀ ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Lọ́tùn-ún, igi kékeré tí wọ́n fi dí ihò àkọ́kọ́ yọ síta bí eyín tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí.

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ bínú. Nígbà tó yá, a parí ẹ̀ sí 280 pọ́n-ùn.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo rà á. Ẹlòmíì ti ba owó ara rẹ̀ jẹ́ kí n tó débẹ̀, lílù ni mo sì fẹ́ lù ú, mi ò fẹ́ gbé e sínú gíláàsì. Ká ní sẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ bà ni, dírílì ò ní kàn án: màá gbé tom sórí irin ìdúró snare, màá ra irin ìdúró ọ̀tọ̀ fún ride, bass drum á wà bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá. Lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ tà á, ọlọ́wọ́ ọ̀tún á rà á láìjanpata. Ọ̀nà míì tún wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀: ẹ fi hi-hat sílẹ̀ lósì, kí ẹ fi òsì lù ú, bí Billy Cobham ṣe máa ń ṣe. Mo gbìyànjú ẹ̀ fún ọdún kan. Ọwọ́ gbà, ẹsẹ̀ kọ̀.

Báyìí, ìlù náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Peckham, ìyàwó wọn sì ti fi vóìsì nóòtì mẹ́ta bi mí ìgbà tó máa kúrò ńbẹ̀. Owó ọkọ̀ ojú omi ni mò ń tu jọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọ Èkó rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, kí n mọ iye tí mò ń wá.