Nicodemus ní Kansas: Kí Ni Ó Ń Mú Kí Ìletò Ó Wà?

1.0 Ìfáàrà

Ohun tí a ní lọ́kàn láti ṣe nínú pépà yìí ni láti yẹ ìtàn ìletò kan wò, èyí tí ń jẹ́ Nicodemus, ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà. Orí ọ̀dàn ni ó wà, lẹ́bàá odò Solomon. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú lọ súà, koríko pọ̀, igi sì ṣọ̀wọ́n. Àwọn ènìyàn dúdú láti Kentucky, tí púpọ̀ nínú wọn ti jẹ́ ẹrú rí, ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní 1877. Ìbéèrè wa nìyí: bí ọjà, ilé ìfìwéránṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ bá ti kúrò ní ìletò kan, kí ni ó kù tí a fi lè sọ pé ó ṣì wà?

2.0 Ìtẹ̀dó

Àwọn méjì tí a kò lè ṣe aláìdárúkọ ni W. H. Smith, oníwàásù dúdú, àti W. R. Hill, aláwọ̀ funfun tí ń ṣòwò ilẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi pe àwọn ènìyàn ṣàpèjúwe ilẹ̀ ọlọ́ràá. Òfin 1862 sì fàyè gba ẹni tí ó bá gbé orí ilẹ̀ ìjọba fún ọdún márùn-ún, tí ó sì dáko sí i, láti gba éékà 160.

Ohun tí wọ́n bá yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n gbọ́. Nítorí àìsí igi, inú ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ilé sí. Willianna Hickman, tí ó dé ní 1878, sọ lẹ́yìn náà pé èéfín tí ń yọ láti inú ilẹ̀ ni wọ́n fi hàn òun nígbà tí òun béèrè ìletò, tí òun sì bú sẹ́kún. Àwọn kan padà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn tí ó dúró sọ pé ẹran tí àwọn ọdẹ Osage fún wọn wà lára ohun tí ó gbà wọ́n lọ́wọ́ ebi ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́.

3.0 Ìdàgbàsókè àti Ìfàsẹ́yìn

Nígbà tí ó fi máa di 1887, ìletò náà ti ní ilé ìjọsìn, ilé ìtajà, ilé ìtura àti ìwé ìròyìn méjì. Edward P. McCabe, tí ó ti gbé ibẹ̀, ni wọ́n dìbò yàn ní 1882 sí ipò ayẹ̀wé-owó-wò ìpínlẹ̀ Kansas. Ṣùgbọ́n ní 1888, ojú irin gba òdì kejì odò kọjá. Àwọn oníṣòwò kó lọ sí Bogue tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wọ́ ilé ìtajà wọn lọ. Ọ̀dá àti ìjì eruku ọdún 1930 sí 1939 lé àwọn mìíràn lọ. Ilé ìfìwéránṣẹ́ parí iṣẹ́ ní 1953, ilé ẹ̀kọ́ ní 1960.

4.0 Ohun Tí Ó Kù

Ó rọrùn láti sọ pé ojú irin ni ó pa Nicodemus. Lójú tiwa, òtítọ́ yìí kò pé. Ọjà ni ojú irin gbé lọ. Kò lè gbé ilẹ̀ lọ. Àwọn àgbẹ̀ tí ilẹ̀ jẹ́ tiwọn dúró, ilé ìjọsìn sì dúró tì wọ́n.

Èkejì ni àjọ̀dún. Láti 1878 ni wọ́n ti ń ṣe àjọyọ̀ òmìnira ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ògọ́sì, ní ìrántí òmìnira àwọn ẹrú ní àwọn erékùṣù West Indies lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1834. Lẹ́yìn náà ni àjọyọ̀ yìí di àjọ̀dún ìpadàwálé, tí àwọn ọmọ ìlú tí ó ti fọ́n káàkiri fi ń pàdé lọ́dọọdún.

A lè rí ẹni tí yóò jiyàn pé ìpàdé ọjọ́ díẹ̀ lọ́dún kò tó láti sọ ibùdó di ìlú. Àríyànjiyàn yìí ì bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé àlejò ni àwọn tí ń padà wá. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni a sin àwọn baba wọn sí, àwọn ọmọ ìlú wọ̀nyí sì wà lára àwọn tí ó jà fún un títí ìjọba àpapọ̀ fi sọ ọ́ di ibi ìtàn orílẹ̀-èdè ní 1996.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Àwọn tí ń gbé Nicodemus lónìí kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ń pè é ní ilé pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì. Bí a bá ń ka orí àwọn tí ń gbé inú ìletò nìkan, a ó sọ pé ó ti ń kú lọ. Bí a bá ka àwọn tí ń padà sí i mọ́ wọn, a ó rí i pé ó wà.