Ire-Àkárí: Kí Ni Iṣẹ́ Aṣòfin Tí A Dìbò Fún?

Ire-Àkárí ni orúkọ àdúgbò wa ní Ìsọlọ̀, orúkọ náà sì dùn ní etí. Ire tí ó kárí, tí kò yọ ẹnì kan sílẹ̀, ni gbogbo ìlú ń tọrọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi àwọn ènìyàn wa léèrè pé kí ni iṣẹ́ aṣòfin tí wọ́n dìbò fún, ìdáhùn tí ẹ ó gbọ́ kì í ju èyí lọ: kí ó gbẹ́ kànga, kí ó pín ìrẹsì nígbà ọdún, kí ó bá wa san owó ìdánwò ọmọ. N kò sọ pé ìwọ̀nyí kò dára. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni tí ó láàánú lè fún wa ní ìrẹsì, ṣùgbọ́n ẹni tí a dìbò fún nìkan ni ó lè bá wa ṣe òfin.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn olùdìbò ẹkùn kejì Oṣòdì-Ìsọlọ̀ yan Ọ̀gbẹ́ni Jude Idimogu sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọmọ Ìgbò ni, abẹ́ àsíá ẹgbẹ́ PDP ni ó sì ti wọlé. Nínú ìjókòó 40 tí ó wà nínú Ilé náà, 8 péré ni ẹgbẹ́ PDP rí gbà. APC ni ó kó gbogbo ìyókù.

Ọ̀rọ̀ gbóná nígbà ìdìbò náà. Àwọn kan ní Èkó ní onílé, kì í ṣe ilẹ̀ aláìlólúwa. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó bá ń gbé ìlú, tí ó sì ń san owó orí, ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ nínú ìlú. Ní tèmi, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, wọn kò sì ta ko ara wọn. Àlejò tí ó bá mọ̀ pé ilé ní baálé, tí ó sì ń bá wọn gbálẹ̀, ẹni ilé ni yóò dà.

Kì í kúkú ṣe àkókò yìí ni irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1951, nígbà tí Èkó wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ènìyàn 5 ni Èkó rán lọ sí Ilé Aṣòfin ní Ìbàdàn. Dókítà Nnamdi Azikiwe, tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ ará Onitsha, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, òun pẹ̀lú Ọmọ-ọba Adeleke Adedoyin, Ọ̀gbẹ́ni T.O.S. Benson àti Dókítà Olorun-Nimbe. Àwọn ará Èkó ni ó dìbò fún gbogbo wọn.

Kí wá ni iṣẹ́ tí ó ń dúró de aṣòfin ní Alausa? Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni Ìwé Òfin Nàìjíríà mọ̀ ní Èkó. Ènìyàn 2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rán lọ. Iṣẹ́ wọn pín sí mẹ́ta: kí wọ́n ṣe òfin, kí wọ́n yẹ ètò ìnáwó gómìnà wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì máa tọ ipasẹ̀ owó náà láti mọ bí wọ́n ṣe ná an. Bí gómìnà bá kọ̀ láti fọwọ́ sí àbá òfin, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin, èyí tí í ṣe ènìyàn 27, lè sọ ọ́ di òfin láìsí ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ wo òfin tí ó jáde ní sáà àkọ́kọ́ Ọ̀gbẹ́ni Idimogu níbẹ̀. Ní 2016, òfin jáde tí ó dá ẹ̀wọ̀n ọdún 10 fún ẹni tí ó bá fi agbára gba ilẹ̀ tàbí ilé onílé. Ẹni tí ọmọ onílẹ̀ ti gba owó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta mọ ìtumọ̀ èyí. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi òfin dá àpò owó ìrànwọ́ iṣẹ́ sílẹ̀, tí ìjọba sì ṣèlérí bílíọ̀nù 25 náírà fún un, kí oníṣòwò kékeré lè rí owó yá. Nígbà tí ó yá, Ọ̀gbẹ́ni Idimogu di alága ìgbìmọ̀ Ilé tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ọrọ̀.

Ní 2017, Ilé náà fọwọ́ sí òfin tí ó sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ Èkó, ti ìjọba àti ti aládàáni. Gómìnà fọwọ́ sí i ní 2018. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ lè jẹ́rìí sí i: nínú kíláàsì mi, ọmọ Ìgbò kan wà tí ó mọ àmì ohùn ju ọmọ Ìjẹ̀bú lọ.

Ṣùgbọ́n 2018 kan náà ni òfin owó ìlò ilẹ̀ dé. Owó náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onílé, oníṣòwò àti agbẹjọ́rò fi pariwo. Kò pẹ́ tí ìjọba fi dín in kù. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ onílé nìkan ni. Onílé kò ní fi owó ara rẹ̀ san án. Orí owó ṣọ́ọ̀bù yín ni yóò bọ́ sí. Kí òfin tó jáde ni ó yẹ kí a ti pariwo, nígbà tí Ilé bá pe ará ìlú wá sọ tẹnu wọn.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí n kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Kí sáà àkọ́kọ́ náà tó parí, Ọ̀gbẹ́ni Idimogu àti àwọn kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá sínú APC. Abala 109 Ìwé Òfin 1999 sọ pé aṣòfin tí ó bá fi ẹgbẹ́ tí ó gbé e wọlé sílẹ̀ yóò pàdánù ìjókòó rẹ̀, àyàfi bí ẹgbẹ́ náà bá pín tàbí tí ó dàpọ̀ mọ́ òmíràn. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn kì í fi í tán lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan a máa sọ pé ẹni tí ó jìnnà sí ìkòkò kò lè bu ọbẹ̀ fún ará ilé rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa bi wá pé, ta ni ó ni ìbò, ẹni tí ó dì í ni tàbí ẹni tí ó gbà á? Ní 2019, àwọn olùdìbò tún yàn án lábẹ́ APC, ó sì lo ọdún 8 ní Ilé náà títí di 2023.

Ìmọ̀ràn mi nìyí, ẹ̀yin ìyálọ́jà àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Nígbà tí aṣòfin bá tún wá kí wa, yálà ọmọ Yorùbá ni tàbí ọmọ Ìgbò, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Àbá òfin wo ni o gbé kalẹ̀? Kí ni o rí gbà fún ẹkùn wa nínú ètò ìnáwó ọdún yìí? Níbo ni a ti lè rí ọ bí kì í bá ṣe àkókò ìbò? Bí kò bá rí ìdáhùn, abala 110 wà níbẹ̀: bí ó bá ju ìdajì àwọn olùdìbò ẹkùn rẹ̀ lọ tí ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn, àjọ INEC yóò pe ará ẹkùn láti dìbò bóyá kí ó padà wálé tàbí kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni ó ń béèrè èsì. Àwa ni a rán wọn.