Láti Ṣọ́ọ̀bù Kẹ̀kẹ́ Dé Orí Òṣùpá

Ẹni tó bá ti kọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere rí mọ ìgbà tí ẹ̀gbọ́n tó di ìjókòó mú lẹ́yìn bá yọwọ́. Kẹ̀kẹ́ á máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ara ọmọ náà ni yóò sì mọ ìgbà tó yẹ kó tẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Kẹ̀kẹ́ kì í dá dúró. Ẹni tó ń gùn ún ló ń mú un dúró.

Ìmọ̀ yìí gan-an ni Wilbur àti Orville Wright, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ tà ní Dayton, ìpínlẹ̀ Ohio, l'Amẹ́ríkà, gbé lọ sójú òfurufú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá ọ̀nà àtifò nígbà náà fẹ́ ọkọ̀ tí yóò dúró ṣinṣin fúnra rẹ̀. Àwọn méjì yìí kọ̀ jálẹ̀: awakọ̀ ni kó máa mú un dúró. Wọ́n fi wáyà so ìyẹ́ ọkọ̀ kí awakọ̀ lè máa lọ́ ọ bó ṣe fẹ́. Ṣéènì bíi ti kẹ̀kẹ́ ló ń yí fáànù rẹ̀, Charlie Taylor, mẹkáníìkì wọn, ló sì ṣe ẹ́ńjìnnì. Orúkọ ọkùnrin yìí kì í jáde tó bó ṣe yẹ, ó sì ń dùn mí.

Ní 1903, Kitty Hawk ní North Carolina ni wọ́n ti kọ́kọ́ fò, fún ìṣẹ́jú àáyá 12. Ṣùgbọ́n pápá màlúù kan nítòsí Dayton ni iṣẹ́ náà ti gún: ní 1905, Wilbur lo ìṣẹ́jú 39 lókè. Pápá náà ti wà nínú Wright-Patterson, bárékè àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà, báyìí. Ìdánwò ọkọ̀ wọn fún àwọn ológun Amẹ́ríkà ní 1908 pa Thomas Selfridge, ọ̀gá sójà kan. Síbẹ̀, àwọn ológun ra ọkọ̀ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà ní 1909 ní 30,000 dọ́là.

Ọmọ Ohio náà ni John Glenn àti Neil Armstrong, àwọn tó rìnrìn-àjò lọ sí gbangba òfurufú, wọ́n sì ti fi ọkọ̀ òfurufú jagun ní Korea. Nígbà tí Glenn ń yí ayé po ní 1962, ẹ̀rọ tó ń darí ọkọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀; ó fọwọ́ ara rẹ̀ wà á. Ní 1969, kọ̀ǹpútà ń gbé Armstrong lọ síbi kòtò tí àpáta yí ká lórí òṣùpá. Ó gba ìdarí lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wá ilẹ̀ títẹ́jú kàn. Aṣọ díẹ̀ láti ara ìyẹ́ ọkọ̀ tí àwọn Wright fò ní 1903 àti ègé igi fáànù rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Armstrong nínú ọkọ̀ tó gbé e débẹ̀.