Ọ́ìlì gíà: Ohun tó yẹ kí ẹni tó ní típà tàbí tírélà n'Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà mọ̀, kí owó rẹ̀ má baà wọgbó

Ẹni tó bá ra ọkọ̀ akẹ́rù sẹ́nu iṣẹ́ n'Ìkàrẹ́ tàbí l'Ọ̀kà Àkókó, orí òkè ló gbé owó rẹ̀ lé. Yálà gẹdú ni ọkọ̀ náà ń kó, yálà òkúta, yẹ̀pẹ̀, sìmẹ́ńtì tàbí iṣu tó ń lọ sọ́jà, kò sí bó ṣe máa rìn tí kò ní í gun òkè, tí kò sì ní í sọ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì nìkan. Gíà ló ń gbé ẹrù gun òkè, gíà náà ló sì yẹ kó máa fà á sẹ́yìn nígbà tó bá ń sọ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ́tò tó mọ ọjọ́ tó pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì gbẹ̀yìn ni kò lè sọ irú ọ́ìlì tó wà nínú gíà ọkọ̀ rẹ̀.

Àìmọ̀ yìí ti wá di ohun tó ń náni lówó gọbọi. Kí ìjọba tó jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi ₦470 ni dọ́là kan. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti lé ní ₦1,500. Òkè òkun sì ni gíà bọ́kìsì àti bíárìn rẹ̀ ti ń wá, yálà tuntun tàbí tòkunbọ̀. Gíà bọ́kìsì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá kò gbà ju bíi lítà 10 sí 15 lọ. Ẹ fi owó lítà wọ̀nyí wé owó gíà bọ́kìsì kan, ẹ máa rí ibi tí èrè wà.

Ọ́ìlì kan ò bá gbogbo ibẹ̀ mu

Ohun méjì ló yẹ kẹ́ ẹ wò lára kẹ́ẹ̀gì. Àkọ́kọ́ ni lẹ́tà API GL pẹ̀lú nọ́ńbà 4 tàbí 5. Ìkejì ni nọ́ńbà SAE, bíi 80W-90 tàbí 85W-140.

GL-5 ni wọ́n ṣe fún dífù, ìyẹn ilé gíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn. Níbẹ̀, eyín gíà kì í kàn ṣe pé wọ́n ń fara kan ara wọn, ńṣe ni wọ́n ń fi agbára yọ̀ lórí ara wọn. Ìdí nìyẹn tí èròjà tí kì í jẹ́ kí irin jẹ irin fi pọ̀ nínú GL-5. Èròjà yìí kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú GL-4, gíà bọ́kìsì ni wọ́n sì sábà máa ń lò ó fún, torí pé ọ̀pọ̀ gíà bọ́kìsì ní rìǹgì idẹ tó ń jẹ́ kí gíà wọlé láìdún. Àwọn GL-5 kan máa ń jẹ idẹ yìí díẹ̀díẹ̀. Ẹ ò ní í rí i lọ́sẹ̀ kan, ẹ ò ní í rí i lóṣù kan, àmọ́ tó bá yá, gíà á bẹ̀rẹ̀ sí í han kó tó wọlé.

Àwọn mìíràn wà tí kì í mu ìkankan nínú méjèèjì. Ọ́ìlì SAE 50 tí wọ́n dìídì ṣe fún un ni ilé-iṣẹ́ Eaton ní kí wọ́n máa dà sínú ọ̀pọ̀ gíà bọ́kìsì Fuller tó wà lára àwọn tírélà Amẹ́ríkà. Nítorí náà, ìwé ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ẹnu ẹni tó ń ta ọ́ìlì. Bí tòkunbọ̀ náà kò bá ní ìwé, ẹ wá àwo irin kékeré tó wà lára gíà bọ́kìsì, ẹ da nọ́ńbà ibẹ̀ kọ, kẹ́ ẹ fi béèrè.

Pé ó ki kọ́ ló ń jẹ́ pé ó dáa

Ọ̀pọ̀ gbà pé bí ọ́ìlì bá ṣe ki tó ló ṣe dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà tó ní W lára, ìgbà òtútù ló ń tọ́ka sí. Èyí tó tẹ̀ lé e ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná, òun ló sì kàn wá jù nílẹ̀ wa. Dífù tó ń gbé ẹrù wúwo lè béèrè fún 140. Àmọ́ bí gíà bọ́kìsì bá béèrè fún 90, tẹ́ ẹ wá da 140 sí i, gíà á le láàárọ̀, ọ́ìlì ò ní í tètè dé bíárìn, ooru á sì pọ̀ sí i. Àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ tí gíà rẹ̀ ń dún pàápàá mọ iṣẹ́ ọ́ìlì kíki. Wọ́n á dà á sí i kí ariwo lè rọlẹ̀ títí dìgbà tẹ́ ẹ bá sanwó tán.

Fríì tó ń ba gíà jẹ́

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù rèé. Bí ọkọ̀ bá dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àwọn dírẹ́bà kan á fi sí fríì, àwọn mìíràn á tiẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì, torí kí dísẹ́ẹ̀lì lè ṣẹ́ kù. Ọ̀gá wọn ló ń wọn dísẹ́ẹ̀lì fún wọn, èyí tó bá sì kù, tiwọn ni.

Nínú ọ̀pọ̀ gíà bọ́kìsì, ẹ́ńjìnnì ló ń yí àwọn gíà ìsàlẹ̀ tó rì sínú ọ́ìlì, àwọn yìí ló sì ń ta ọ́ìlì sára àwọn tòkè. Bí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì, táyà ṣì ń yí ṣáàfù òkè, àmọ́ kò sí ohun tó ń ta ọ́ìlì sí i mọ́. Ní gbígbẹ ló ń yí, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì kún inú rẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá ń fa ọkọ̀ tó bàjẹ́ láìkọ́kọ́ tú ṣáàfù ẹ̀yìn.

Ewu ẹ̀mí tún ju ti owó lọ. Ọkọ̀ tó wà ní fríì, búréèkì nìkan ló ń dì í mú, búréèkì tó bá sì gbóná jù kì í mú mọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá tún kú, kò sí ohun tó ń fún búréèkì ní atẹ́gùn tuntun. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, tírélà tó kó sìmẹ́ńtì sọ ìjánu nù l'Àkùngbá, nítòsí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin, ó sì pa àwọn èèyàn, tó fi mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. A ò sọ pé fríì ló fa ìyẹn, àmọ́ ó fi ohun tí tírélà tí kò ṣeé dá dúró lè ṣe lójú ọ̀nà Àkókó hàn.

Nítorí náà, ẹ yọ owó ojú iṣẹ́ dírẹ́bà kúrò lára dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ fún un lówó lọ́tọ̀ fún oṣù tí gíà àti búréèkì kò bá mú wàhálà wá.

Bẹ́ ẹ ṣe máa tọ́jú ẹ̀

Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé l'Ọ̀kà, ẹ lè ní láti wá a kiri. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, kẹ́ ẹ tú bóòtù tí wọ́n ń gbà rọ ọ́ìlì sí i. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ dé etí ihò náà gan-an. Bó bá dín, gíà á jóná, bó bá sì kún jù, á hó, á sì máa gba ojú ọ́ìlì-síìlì jáde.

Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Bó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ̀ ọ́. Bó bá ń rùn bí ohun tó jóná, ó ti gbó. Ẹ tún nu ihò tí gíà fi ń mí, torí bí ẹrẹ̀ bá dí i, ọ́ìlì-síìlì ni yóò bẹ́.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, ìgbà tó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ dà á nù, kí ìdọ̀tí lè bá a jáde. Kẹ́ ẹ tó tú bóòtù ìsàlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé tòkè ṣeé tú. Eturu irin díẹ̀ lára bóòtù tó ní mágínẹ́ẹ̀tì kì í ṣe nǹkan, àmọ́ bẹ́ ẹ bá rí ègé irin, ẹ pe mẹkáníìkì.

Ní ti ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ìwé ọkọ̀ ló máa sọ ọ́. Àmọ́ iye kìlómítà tí wọ́n kọ fún iṣẹ́ líle ni kẹ́ ẹ wò, torí òkè, ẹrù àti eruku ni iṣẹ́ líle. Bí ooru ọ́ìlì bá fi 10°C lọ sókè, á máa gbó ní nǹkan bí ìlọ́po méjì bó ṣe ń gbó tẹ́lẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ń rà á, kẹ́ẹ̀gì tí ìdérí rẹ̀ ò tíì já ni kẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ lu kẹ́ẹ̀gì tẹ́ ẹ ti lò tán kó jò, torí àwọn tó ń ṣe ayédèrú ọ́ìlì ń ra irú ẹ̀.

Lákòótán, ẹ ra ìwé kékeré kan fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ irú ọ́ìlì tó wà nínú gíà bọ́kìsì àti dífù síbẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ dà á sí i àti iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn. Ọwọ́ yín ni kí ìwé náà wà, kò gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ dírẹ́bà.